Bí Àwẹ̀ró Ṣe Kó Ikùn Ọba Aláfúyẹ́ Bí Ẹni Kó Irun

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ kó aṣọ yíya wá sí abẹ́ igi ọsàn mi. Ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ ya nídìí, kó jókòó lé e kí ojú má tì í. Ẹni tí àpò rẹ̀ ń jò, kó gbé e lé orúnkún. Ọwọ́ mi yóò máa ránṣọ, ẹnu mi yóò máa sọ̀rọ̀, a ó sì wo èyí tí àárẹ̀ yóò kọ́kọ́ mú nínú àwọn méjèèjì. Èmi Ọdẹ́rìndé ọmọ Akínṣọlá ló ń sọ̀rọ̀, ọdẹ tí ẹfọ̀n pàdé lójú ọ̀nà tó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè rí àyè kí mi dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irọ́ ni mo fẹ́ pa, kó kó aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ téló tó ń sọ òtítọ́, kó sì wò ó bóyá yóò bá a rán an lónìí.

Ẹ̀gún ló kọ́ mi ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, n kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ènìyàn. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ọdẹ, bí mo bá wọ ẹ̀wù lọ sínú igbó, ọrùn ẹ̀wù nìkan ni mo máa ń wọ̀ bọ̀. Ní ọjọ́ kan mo jókòó, mo wo ẹ̀gún tó ya ẹ̀wù mi, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ sì nípọn díẹ̀. Mo dá ihò sí ìdí rẹ̀, mo ki fọ́nrán èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ ọ́, mo sì mú kí ohun tó ya ẹ̀wù náà tún un rán. Láti ìgbà náà ni n kò ti rí nǹkan kan kí n má bi í léèrè iṣẹ́ kejì tó lè ṣe. Ẹ wo inú àpò yìí. Egungun ẹja ni mo fi ń rán aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀gún ara òòrẹ̀ ni mo fi ń lu awọ. Ìkarahun ìgbín ni mo fi ń lọ etí awọ títí yóò fi dán. Ọmọ ọwọ́ akàn ni mo fi ń di etí aṣọ méjì pọ̀ kí wọ́n má yẹ̀ lórí ara wọn, ṣùkù àgbàdo sì ni mo ń ká òwú mọ́. Ìda oyin ni mo fi ń fa òwú náà kó lè le. Alàgbà Gbọ́ládé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Fìlà tó wà lórí yín yẹn, egungun ẹja ló rán an, ẹ sì ti fi lọ sí ilé àna.

Ẹnì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í wú lórí, ìyẹn Àwẹ̀ró ìyàwó mi. Òun ló ń kó irun fún gbogbo obìnrin àdúgbò wa, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ. Ó máa ń sọ pé ojú ìrán mi dà bí ipa ẹsẹ̀ adìẹ tó ń sá fún òjò.

Àwẹ̀ró ló dá ìrìn-àjò tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀. Mo ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ rán ìrọ̀rí kan fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé e síwájú mi.

"Bàbá Ọdúnọlá," ó ní, nítorí Ọdúnọlá ni orúkọ àkọ́bí wa, "ìrọ̀rí yín ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá yí orí sọ́tùn-ún, á ní kàsà. Bí mo bá yí i sósì, á ní kìsì. Mo ti ní ọkọ tó ń sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn, n kò fẹ́ ìrọ̀rí tó ń sọ̀rọ̀ mọ́ ọn."

Mo ti gbọ́ pé igi àràbà kan wà láàárín Igbó Àìdúró, tí òwú rẹ̀ kì í tẹ́ láéláé. Mo ní n ó lọ wá a. Àwẹ̀ró ní òun yóò bá mi lọ, kí n má baà já ewé mìíràn bọ̀ kí n sì pè é ní òwú.

Bí a ṣe rìn kò gba àlàyé, ẹsẹ̀ la fi rìn. A kọjá lára odò kan tó sùn lójú ọ̀nà tó ń han-run, a sì gbé bàtà wa lọ́wọ́ kó má baà jí. A pàdé iwin kan tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì sórí tó ń fi etí rìn. Ó bi wá bóyá a rí bàtà etí rà níbi tí a ti ń bọ̀. Mo fi ìkarahun ìgbín méjì ṣe bàtà fún un lójú ẹsẹ̀. Ó wọ̀ wọ́n, kò sì gbọ́ ìdágbére wa mọ́.

Ní ẹnu bodè kan ni a ti bá iwin mìíràn, tí ara rẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Ó nà gbọọrọ dí ọ̀nà.

"Kí ni ẹ gbé lọ́wọ́," ó bi wá, "tó ń wọ inú ara ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́?"

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo ní, "Òtútù ni."

"Àbúrò ọkọ mi ni," Àwẹ̀ró ní. "Kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí ara rẹ̀ fi ká jọ. "Ohun ẹnu ṣóńṣó ni," ó wí. "Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Ìlú tí ẹ ń wọ̀ yìí, wọn kì í mú un wọ ibẹ̀."

Ó gba ẹ̀gún òòrẹ̀ mi, ó gba egungun ẹja, ó gba òòyà Àwẹ̀ró nítorí pé ó ní eyín. Ó fi òkúta lọ ṣóńṣó ọwọ́ akàn mi títí tó fi kújú. Ó wo èékánná wa, ó lọ ìyẹn náà. Ó fi ìda sílẹ̀ fún mi, ó sì fi òwú ìkórun tí Àwẹ̀ró lọ́ mọ́ ìdí ìró sílẹ̀ fún un. Ó ní kí a máa lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ mọ ìwà wa. Bí wọ́n bá pè wá lẹ́nu iṣẹ́, a kì í ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ara ohun tí a bá wọ̀ ni a máa ń gún un mọ́. Àwọn kan ń gún un mọ́ igbá àyà. Ọrùn ẹ̀wù lẹ́yìn ni èmi máa ń gún tèmi mọ́, níbi tí àwọn ọmọ kò ní rí i, tí èmi pàápàá kì í sì í rí i. Abẹ́rẹ́ irin kan wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà. Iwin kò rí i, n kò sì rántí rẹ̀.

Ìlú Fúyẹ́ ni orúkọ ibi tí a wọ̀. Afẹ́fẹ́ ló kún inú àwọn ará ibẹ̀ dípò ẹran àti egungun. Wọ́n rí róbótó, ara wọn ń dán nítorí àdí tí wọ́n fi ń pa á, okùn sì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ olúkúlùkù tí a so mọ́ èèkàn. Ẹni tó bá fẹ́ rìn á kó òkúta sápò. Òrùlé ni wọ́n ń tẹ́ ẹní mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń sùn. Nígbà tí a ń kọjá, ìyá arúgbó kan tó léfòó lókè ilé rẹ̀ kí wa.

"Ilẹ̀ á dì yín mú o," ó wí.

"Àṣẹ," Àwẹ̀ró dá a lóhùn. Ó wá yí sí mi, ó ní, "Ẹ rọra mí, kí ẹ má mí ìyá ènìyàn sínú."

Wọ́n mú wa lọ sí ààfin Aláfúyẹ́ ọba wọn. Ó tóbi tó ahéré, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn. Olóyè tó ń pín òkúta fún ará ìlú, tí wọ́n ń pè ní Olókùúta, dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ojú líle. Mo sọ ohun tí a wá. Inú ọba dùn.

"Òwú àràbà nìkan?" ó ní. "Ẹ̀hìnkùlé wa ni igi náà wà. Ẹ lọ kó ohun tó bá wù yín."

Ẹ̀yin ará, ẹni tí a tọ́ dáadáa ni mí. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìdọ̀bálẹ̀ náà wú ọba lórí, nítorí kò sí ẹni tó lè dọ̀bálẹ̀ ní Fúyẹ́, bí wọ́n bá gbìyànjú rẹ̀ wọn á kàn máa yí gbiri. Ó ní kí wọ́n fa okùn òun sísàlẹ̀ díẹ̀ kí òun lè sọ̀ kalẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi, kí òun sì súre fún mi. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ó bà lé ọrùn ẹ̀wù mi.

A gbọ́ písì.

Okùn já. Ọba ta kúrò ní ẹ̀yìn mi, ó fò lọ sí òrùlé, ó gbá ògiri ọ̀tún, ó gbá ti òsì, ó gba àárín àwọn olóyè kọjá tó ń súfèé, gbogbo fìlà wọn sì bá a lọ. Nígbà tí wọ́n fi rí i mú, ihò abẹ́rẹ́ náà ti ya tó ìka kan. Olókùúta fi àtàǹpàkò dí i.

"Òfin wa kò gùn," Olókùúta sọ fún mi. "Ẹni tó bá gún ọba ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i. Bí kò bá lè dí i, a ó fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ títí yóò fi dà bíi wa, kò sì ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́."

Wọ́n gbé ẹwìrì kan wá, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná, ṣùgbọ́n èyí kò rí iná rí. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ ọrùn ẹ̀wù mi, wọ́n fi ẹ̀mú gígùn gbé e lọ jù sínú kànga, ará ìlú sì ń sá níwájú rẹ̀.

Àwẹ̀ró wò mí. "Bí wọ́n bá fẹ́ yín kún," ó ní, "ta ni yóò bá mi tún òrùlé ilé ìdáná ṣe? Ẹ ṣe é dáadáa."

Mo mọ ohùn ìyàwó mi. Ohùn yẹn kò bá ilé ìdáná wí rárá.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi eyín gé awọ lára àpò mi, mo lọ gba oje igi ọ̀pọ̀tọ́ tó ń fà bí rọ́bà. Àdí tó wà lára ọba kò ní jẹ́ kí oje mú, nítorí náà mo kọ́kọ́ fi eérú nù ún. Ẹ rí i pé mo ronú. Mo fi ọwọ́ akàn di etí ihò náà pọ̀, mo lẹ awọ mọ́ ọn, ó mú pinpin. Mo ń tún fìlà mi dé nígbà tí eérú tó gba inú ihò wọlé dé imú ọba láti inú. Ọba sín. Awọ náà fò kúrò, ó lẹ̀ mọ́ iwájú orí Olókùúta, kò sì ṣí kúrò níbẹ̀ mọ́ títí a fi lọ. Ihò náà wá tó àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ fẹ́ ẹ," Olókùúta wí.

Wọ́n ki ẹnu ẹwìrì bọ̀ mí lẹ́nu, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, inú mi tutù, gìgísẹ̀ mi sì kúrò nílẹ̀. Wọ́n kó òkúta sí mi lápò kí n lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Mo tún ronú. Nínú igbó, bí ọdẹ bá fi àdá gé ara rẹ̀ tí kò sì sí abẹ́rẹ́, ìjàlọ ló máa ń lò. Á di etí ọgbẹ́ pọ̀, á gbé ìjàlọ kan lé e, ìjàlọ á gé e jẹ mọ́ra, ọdẹ á sì já ara rẹ̀ sọnù kó ku orí. Orí á máa di ọgbẹ́ mú títí yóò fi san. Mo lọ kó ìjàlọ, mo tò wọ́n sí ojú yíya náà ní ìlà kan gbooro. Wọn kò gún ọba, nítorí ẹnu wọn kì í lu nǹkan, ṣe ló ń há a mọ́ra bí ẹ̀mú. Àní Olókùúta gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kò sì sí afẹ́fẹ́ tó jáde. Mo wo Àwẹ̀ró, mo gbé ojú sókè díẹ̀.

"Ẹsẹ̀ wo ni nǹkan wọ̀nyí ń fi rìn lára mi?" ọba bi mí. Ẹsẹ̀ àwọn ìjàlọ tí n kò tíì já ara wọn ló ń rìn ín ní ikùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín sí i, gbogbo orí ìjàlọ náà sì ta dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ba ògiri bí òjò ńlá. Ihò náà wá tó ẹnu ìkòkò, olóyè mẹ́rin ló sì ń fi àyà dí i.

Wọ́n tún fẹ́ mi. Ní àkókò yìí, òkúta àpò mi kò tó mọ́. Ẹsẹ̀ mi wà lókè, orí mi wà nísàlẹ̀, ohùn mi sì ti ń dún bíi ti ẹ̀fọn.

"Àwẹ̀ró," mo ní, "ọgbọ́n mi ti tán."

"Mo gbọ́," ó ní. "Ẹ̀yin ọkùnrin, gbogbo ohun tó bá ya, ihò ni ẹ fẹ́ kọ́kọ́ lù sí i kí ẹ tó dí i. Ta ló ń gún irun kó tó kó o?"

Ó tú òwú dúdú ìdí ìró rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ya ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ lu àárín ẹsẹ̀ náà bó ṣe máa ń pe àwọn ọmọ.

"Kábíyèsí, ẹ gbé ikùn wá síbí."

Wọ́n fa ọba wá. Ó fi itan méjèèjì há a, ó gbá etí yíya náà jọ sí ọwọ́ kan bí ẹni gbá irun àárín orí jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí òwú mọ́ ọn láti ìdí. Ó yí i, ó fà á, ó yí i, ó fà á. Òwú kọ̀ọ̀kan sùn ti èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oje, kò sí ẹranko kankan. Ojú ń tì mí pé n kò rò ó, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni ó ń ṣe é ní ẹnu ọ̀nà mi.

"Ó ń dùn mí," ọba ní.

Àwẹ̀ró gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ń mi ara, ti rẹ̀ kì í gún régé."

Àwọn olóyè wo ara wọn. Ọba jókòó jẹ́ẹ́. Kò pẹ́ tí ìwo kékeré dúdú kan fi dúró ṣánṣán ní àárín ikùn rẹ̀, Àwẹ̀ró sì fi eyín di ìdí òwú mú. Afẹ́fẹ́ kò jáde mọ́. Ọba fọwọ́ kàn án, ó sì wo àwòjíìjí.

"Ó yẹ mí," ó ní.

"Ó yẹ kábíyèsí," Olókùúta ní. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin tó gún yín kọ́ ló dí i. Òfin kò yí. Ẹ fẹ́ ọkùnrin náà kún."

Àwọn tó di ẹwìrì mú tún sún mọ́ mi. Mo wo ilẹ̀ nísàlẹ̀, ilẹ̀ pupa lásán, mo sì rí i pé n kò fẹ́ràn nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwẹ̀ró ní, "Nn-nn."

Gbogbo wa wò ó. Ìdí òwú ṣì wà láàárín eyín rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí mọ ohun tí mò ń wí. Bí wọ́n bá kó irun dé òpin, ìdí òwú kì í kúrò lẹ́nu títí wọn yóò fi so ó. Òun kò tíì so ó.

"Kí ló wí?" Olókùúta bèèrè. "Obìnrin, la ẹnu rẹ kí o sọ̀rọ̀ dáadáa."

"Má là á," ọba ní, ohùn rẹ̀ sì ga ju bó ṣe máa ń rí lọ. "Àwẹ̀ró ọmọ dáadáa, jọ̀wọ́, má la ẹnu."

Àwẹ̀ró kò là á. Ó nawọ́ sí mi lókè, ó nawọ́ sí ilẹ̀. Ó wá jókòó, ó káwọ́, ó ń wo Olókùúta.

"Òfin ni òfin," Olókùúta ní.

"Ìwọ lo ni òfin," ọba ní. "Èmi ni mo ni ikùn. Ẹ tú ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí obìnrin yìí tó sín."

Àwọn olóyè gùn mí, wọ́n tẹ̀ mí, wọ́n fi àyà wọn tẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn ló wúwo? Mo gùfẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gùn débi pé ẹni mélòó kan nínú wọn gba ojú fèrèsé lọ. Ohun tó jáde kò tó gbogbo ohun tó wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ró fi òwú tó ṣẹ́kù dì mí ní ọrùn ọwọ́, ó wá so ti ọba. Ó so ó ní kókó tí òun nìkan mọ̀, ó sì fi eyín gé e. Kó tó dìde, àwọn obìnrin Fúyẹ́ ti tò sẹ́yìn ọba, olúkúlùkù di ikùn rẹ̀ tó ṣe dáadáa mú, wọ́n fẹ́ kí ó bá àwọn náà kó ìwo sí i. Ó ní iṣẹ́ wà nílé.

Báyìí ni a ṣe padà. Ó ru ẹrù òwú àràbà tí ó kó ní ẹ̀hìnkùlé ọba lórí, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ọwọ́ kò wá kù tí yóò fi mú òwú mi. Ó fi eyín di ìdí rẹ̀ mú. Mo ń léfòó lẹ́yìn rẹ̀ láti ẹ̀ka igi dé ẹ̀ka igi. Mo bá a sọ̀rọ̀, kò dáhùn. Mo bú ìrìn rẹ̀, kò dáhùn. Ìyàwó mi tí kì í jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan tán kí ó tó fún mi ní méjì, kò sọ ọ̀rọ̀ kan láti Fúyẹ́ títí a fi dé ilé. Ará àdúgbò jáde. Ìyá Ṣadé aládùúgbò wa bi í pé, "Àwẹ̀ró, kí ni bàbá rí pa nínú igbó?" Kò dáhùn. Wọ́n bi í bóyá inú ló ń bí i. Kò dáhùn. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa, ó pa ẹnu dé, mo wà lókè orí rẹ̀ bí ewé tí afẹ́fẹ́ gbé, afẹ́fẹ́ inú mi sì ń jáde díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá yán.

Nígbà tó yá, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gìgísẹ̀. Àwẹ̀ró fọwọ́ tì mí léjìká wò, n kò mì. Ìgbà náà ló tó tu òwú kúrò lẹ́nu.

"Ẹ ti wúwo tó," ó ní. "Ẹ wọlé, kí ẹ wá jẹun."

Òwú ìtàn ti tán nídìí ṣùkù o, ẹ̀yin tí ẹ jókòó. Ẹni tó ni ṣòkòtò yìí, ó ti ṣe tán, ẹ wá gbà á.